Àjọ Àgọ́ ti parí: kí la máa ṣe sí lulav, etrog àti àwọn nǹkan tó kù?

Ìyá Dẹ̀sọ́lá, Hendon

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú kí n tó kọ èyí, ọ̀rọ̀ náà ni kò jẹ́ kí n lè sùn. Ẹ̀yin tá a ti jọ wà níbí tipẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ Màmá kan tó jẹ́ Júù ni mò ń gbé, ó ti lé lọ́dún méjì, wọ́n sì fẹ́ràn mi bí ọmọ tí wọ́n bí. Alẹ́ òní, Ọjọ́rú 15 Oṣù Kẹwàá 2025, ni Simchat Torah, ọjọ́ ayọ̀ tó kádìí Àjọ Àgọ́, parí, ìyẹn ni pé gbogbo àjọ̀dún tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ látìgbà ọdún tuntun wọn ní Sẹ́tẹ́ńbà ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Àwọn ọmọ Màmá ti padà sílé kálukú, ó wá ku èmi àti Màmá àti àwọn nǹkan àjọ̀dún tó kún pálọ̀.

Ẹ jẹ́ n kà wọ́n. Lulav wà níbẹ̀, ìyẹn imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ẹ̀ka mátílì mẹ́ta àti ẹ̀ka wílò méjì. Etrog kan, èso tó jọ lẹ́mọ́ọ̀nù, wà nínú páálí rẹ̀, ó ti pọ́n bí ọsàn, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ìdì wílò mìíràn tún wà tí wọ́n nà mọ́lẹ̀ ní sínágọ́gù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo ewé rẹ̀ ti já. Ẹní ọparun tá a fi bo orí àgọ́ wà ní bákónì, òjò ti rẹ ẹ́ gbingbin. Àwọn ọmọ-ọmọ tún ya àwòrán sórí bébà tí wọ́n so rọ̀ sínú àgọ́. Bébà àdúrà tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Hébérù náà sì pọ̀.

Àárọ̀ ọ̀la ni àwọn akólẹ̀ ń bọ̀. Màmá sọ pé "má kàn jù wọ́n nù o", ìgbà tí mo sì máa béèrè pé kí wá ni kí n ṣe, oorun ti gbé wọn lọ.

Ìdí tẹ́rù fi ń bà mí ni pé, ilé tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí n tó débí, èmi ni mo kó imọ̀ ọ̀pẹ yẹn sínú bíìnì oúnjẹ, mo dà á lé orí ẹja àti eepo ẹ̀fọ́, ọmọ wọn obìnrin ṣí bíìnì náà ó rí i, ó sì sunkún. Kò bú mi o, ó kàn fi ọwọ́ mú un jáde, ó ń nù ún. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi dòní. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ ràn mí lọ́wọ́.

Àbẹ̀kẹ́, Manchester

Ìyá Dẹ̀sọ́lá, ẹ kú àníyàn, ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Júù ni ọkọ mi, èmi náà sì ti gba ẹ̀sìn wọn kí a tó ṣègbéyàwó, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá tí mo ti ń palẹ̀ àjọ̀dún yìí mọ́ nínú ilé tèmi, nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀, a jọ máa yanjú ẹ̀.

Nǹkan àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa mọ̀ ni pé oríṣi méjì ni àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Nínú Talmud, àkójọ ẹ̀kọ́ òfin àwọn rábì àtijọ́, ìwé Megillah ojú ewé 26, wọ́n pín in síbẹ̀ kedere. Àwọn nǹkan kan wà tí èèyàn kàn fi ṣe mitzvah, ìyẹn iṣẹ́ tí Ọlọ́run pa láṣẹ: àgọ́ fúnra rẹ̀, lulav, ìwo shofar, òwú tzitzit tó ń rọ̀ létí aṣọ àdúrà. Ìgbà tí iṣẹ́ wọn bá ti parí, òfin gbà pé kí èèyàn jù wọ́n nù. Àwọn nǹkan kejì ni èyí tó jẹ́ ti ìwé mímọ́: ẹ̀wù tí wọ́n fi ń bo ìwé Torah, àpò tefillin (àpótí kékeré oníwèé mímọ́ tí wọ́n ń so mọ́ apá àti orí nígbà àdúrà), okùn rẹ̀. Ìyẹn kò ṣe é jù, wọ́n máa ń kó o pa mọ́ ni, wọ́n á sì sin ín sínú ilẹ̀.

Lulav yín, oríṣi àkọ́kọ́ ló wà. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni kó kúrò nílé. Ọ̀nà tó gbà kúrò ni wọ́n ń ṣọ́. Rábì Moses Isserles tó gbé ní Kraków ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún kọ ọ́ lórí òwú tzitzit tó já pé kò yẹ kéèyàn jù ú sí ibi ẹ̀gbin, àwọn èèyàn sì ń hu irú ìwà kan náà sí lulav. Ohun tó dun ọmọbìnrin yẹn nìyẹn, orí ẹja tó rí i ni. Ká ní inú náílọ́ọ̀nù tó mọ́ lẹ dì í sí kẹ́ ẹ tó gbé e síta, tàbí ẹ gbé e sínú bíìnì ewé àti koríko, kò ní rí nǹkan kan sọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ wà. Nínú ìwé Berakhot, nínú Talmud kan náà, wọ́n sọ nípa Rav Ami àti Rav Assi pé bí búrẹ́dì tí wọ́n fi ṣe eruv, ìyẹn èyí tí àwọn aládùúgbò fi ń so ilé wọn pọ̀ nítorí òfin Ọjọ́ Ìsinmi, bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, òun náà ni wọ́n máa ń fi ṣe ìbùkún oúnjẹ, wọ́n ní níwọ̀n bí a ti fi ṣe mitzvah kan, ẹ jẹ́ ká tún fi ṣe òmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ìyàwó ilé Júù ń tẹ̀ lé lẹ́yìn àjọ̀dún, bóyá wọ́n mọ ibi tó ti wá àbí wọn ò mọ̀. Mo rò pé ohun tí Màmá ní lọ́kàn nìyẹn.

Kẹ́ ẹ má kó nǹkan kan síta ní àárọ̀ ọ̀la o. Akólẹ̀ máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bàbá Brooklyn

Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ gún régé. Èmi kì í ṣe Júù, ilé tí wọ́n pọ̀ sí ni mo ti ń ṣe alábòójútó ilé ní Crown Heights níbí, ó ti pé ogún ọdún. Mo fẹ́ sọ ti lulav.

Ẹ tú u. Ẹ yọ wílò àti mátílì kúrò lára imọ̀ ọ̀pẹ, torí wọn kì í gbẹ bákan náà, wílò máa ń rà tó bá wà nínú ìdì, á wá kó bá èyí tó kù. Imọ̀ ọ̀pẹ yẹn, ẹ gbé e sí òkè kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, kò ní ṣe nǹkan kan, á kàn gbẹ ni. Ẹ fi í síbẹ̀ títí Àjọ Ìrékọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àjọ Ìrékọjá máa wọlé ní alẹ́, gbogbo ilé ló máa ń kó ìwúkàrà tó kù síta láti dáná sun ún, lulav ọdún tó kọjá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń dá iná náà. Ẹ wò ó báyìí, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi yọ̀ ní Oṣù Kẹwàá ló tún máa ran iná lọ́wọ́ ní Oṣù Kẹrin. Ní àdúgbò wa níbí, ìjọba máa ń gbà wọ́n láyè, àwọn panápaná á wà nítòsí, àwọn ọmọdé á gbé lulav gbígbẹ lọ́wọ́ bí ẹni gbé igi ìdáná, ó máa ń wú mi lórí lọ́dọọdún.

Wílò tí wọ́n nà mọ́lẹ̀ náà ní ti ẹ̀. Rábì Isserles kan náà tí Àbẹ̀kẹ́ dárúkọ kọ ọ́ pé àwọn kan máa ń tọ́jú wílò yẹn kí wọ́n lè fi dáná tí wọ́n á fi yan matzah, búrẹ́dì aláìwú. Ibi tí mo wà, àwọn tó ń yan matzah lọ́wọ́ ṣì máa ń gbà á lọ́wọ́ èèyàn. Tí ẹ ò bá ní ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lọ, ẹ tò ó pọ̀ mọ́ lulav, kó dúró de iná kan náà.

Ọmọ Oǹdó

Ẹ̀yin ará, ara mi kàn bù máṣọ nígbà tí mo ka ti Bàbá Brooklyn. Ìjọ Kátólíìkì ni mo ti dàgbà, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n bá bù kún fún wa ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, ìyá mi á fi há ẹ̀yìn àwòrán Jésù ní yàrá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ìgbà tí ọdún bá yípo a ó kó o padà sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n sun ún, eérú ẹ̀ ni fádà máa fi sàmì síwájú orí wa ní Ọjọ́rú Eérú. Mo ti rò pé àwa nìkan la ń ṣe bẹ́ẹ̀!

Àbẹ̀kẹ́, Manchester

@Ọmọ Oǹdó, ọ̀tọ̀ ni ti yín ọ̀tọ̀ ni tiwa o, àwa ò ní eérú tá a fi ń sàmì, eérú ìwúkàrà yẹn dídànù ni. Ṣùgbọ́n ìyá yín tí kò jẹ́ kẹ́nì kan fọwọ́ kan imọ̀ ọ̀pẹ yẹn, ó máa yé Màmá Hendon dáadáa.

Mo gbàgbé mátílì. Ẹ má fi í dáná rárá kẹ́ ẹ tó gbọ́ oórùn rẹ̀. Tí Ọjọ́ Ìsinmi bá ń parí lálẹ́ Sátidé, a máa ń ṣe Havdalah, wáìnì, àbẹ́là tí wọ́n lọ́ pọ̀, àti nǹkan olóòórùn dídùn tí gbogbo ilé máa ń gbọ́ oórùn ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Àṣà àtijọ́ ni pé kí wọ́n lo mátílì tó ti wà nínú lulav fún un. Ẹ fi ọwọ́ ra ewé ẹ̀ díẹ̀, oórùn á jáde. Bó bá tiẹ̀ gbẹ, ẹ kó o sínú ìgò kékeré.

Ìyá Dẹ̀sọ́lá, Hendon

Háà, ẹ ṣeun ẹ ṣeun. Mo ti gbé bíìnì padà sínú, ọwọ́ mi sì ti tú lulav. Òtítọ́ ni Bàbá Brooklyn sọ o, wílò méjì yẹn ti ń dúdú nísàlẹ̀. Etrog wá ńkọ́? Àbúrò mi kan ní kí n bó o kí n jẹ ẹ́ bí ọsàn.

Sísí Kíṣìnì

Rárá o Ìyá Dẹ̀sọ́lá!! Ẹ má jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kíṣìnì tó ń se oúnjẹ kóṣà, oúnjẹ tó bá òfin Júù mu, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Golders Green, etrog tó kọjá lọ́wọ́ mi kò lóǹkà. Ẹ bá mi fara balẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú èyí.

Lákọ̀ọ́kọ́, etrog kì í ṣe lẹ́mọ́ọ̀nù bó tilẹ̀ jọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá là á, ẹ ó rí i pé funfun inú ẹ̀ ló pọ̀, omi ẹ̀ ò tó nǹkan, ó sì korò. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó ń gbin etrog fún àjọ̀dún, ì báà jẹ́ ní Ísírẹ́lì, ní Morocco tàbí ní Calabria ní ilẹ̀ Ítálì, èso tí kò ní àbààwọ́n ni wọ́n ń wá nítorí òun ni owó wà lórí ẹ̀, oògùn apakòkòrò tí ọ̀pọ̀ wọn ń fín sí i pọ̀ ju ti ọsàn tí à ń jẹ lọ. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti kànrìnkàn fọ ara ẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó tà á fún wọn, ẹ bi í léèrè bóyá wọ́n fín in. Màmá àgbàlagbà lẹ̀ ń tọ́jú, ẹ má fi ṣeré.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ṣe jáàmù: ẹ gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ẹ yọ gbogbo kóró ẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ bọ̀ ọ́, ẹ da omi ẹ̀ nù, ẹ tún bọ̀ ọ́, ẹ tún dà á nù, títí kíkorò ẹ̀ fi máa dínkù. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n kan náà ni ṣúgà tẹ́ ẹ máa fi sí i, iná jẹ́jẹ́, ẹ máa rò ó. Etrog kan ò lè ṣe ju ìgò kékeré kan lọ, ìdí nìyí tí àwọn aládùúgbò fi máa ń da tiwọn pọ̀. Àwọn ìyá àgbà máa ń fi jáàmù yìí fún aboyún, wọ́n ní kí ìrọbí ẹ̀ lè rọrùn, àwọn mìíràn sì máa ń tọ́jú ẹ̀ di Tu BiShvat, ọdún àwọn igi, tó máa bọ́ sí 2 Oṣù Kejì 2026, wọ́n á jẹ ẹ́ wọ́n á sì gbàdúrà kí etrog ọdún tó ń bọ̀ dára.

Tí kò bá sáyè jáàmù, kànáfùrù! Ẹ ra kànáfùrù ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kéékèèké sára etrog, ẹ máa tì í bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ara ẹ̀ fi máa kún. Á gbẹ, á dúdú, á sì fúyẹ́, oórùn ẹ̀ lè wà di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ máa lò ó fún Havdalah tí Àbẹ̀kẹ́ sọ yẹn. Ẹ má ṣe dé e sínú ike nígbà tó bá ṣì tutù o, á bu. Orí àwo lásán ni, níbi atẹ́gùn.

Kẹ́hìndé, Leeds

Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, Júù ni, ó ní àwọn jẹ etrog àwọn lọ́jọ́ tí àjọ̀dún ń lọ lọ́wọ́. Sísí ṣé ẹ dá yín lójú?

Sísí Kíṣìnì

Ó dá mi lójú pé ìgbà tí àjọ̀dún bá ń lọ, a ti yà á sọ́tọ̀ fún mitzvah, kì í ṣe fún jíjẹ. Tó bá parí tán pátápátá ló di èso bíi ti gbogbo èso. Bóyá etrog mìíràn tí wọn ò fi ṣe àdúrà ló jẹ, ẹ bá mi bi í.

Akẹ́kọ̀ọ́ Jerúsálẹ́mù

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un torí mo ti rí i tó dá wàhálà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ Ísírẹ́lì ni etrog náà ti wá, ẹ wo ọdún tí wọ́n ká a. Lọ́dún méje-méje ilẹ̀ Ísírẹ́lì máa ń sinmi, shmita ni wọ́n ń pè é, èso ilẹ̀ ọdún yẹn sì ní ìwà mímọ́ tirẹ̀. Irú etrog bẹ́ẹ̀ kò ṣe é jù sí bíìnì rárá, kò sì gbọ́dọ̀ ṣòfò, ẹ jẹ ẹ́ tàbí ẹ fi í sílẹ̀ kó fúnra ẹ̀ gbẹ tàbí kó bàjẹ́ kí ẹ tó dì í jù. Etrog tí wọ́n lò ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 2022 rí bẹ́ẹ̀. Ti ọdún yìí kì í ṣe shmita, nítorí náà Màmá Hendon ò ní ìyọnu. Èyí tó ń bọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ní Sẹ́tẹ́ńbà 2028, ẹ fi sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ṣì wà nídìí iṣẹ́ náà.

Ẹ sì lè gbin kóró ẹ̀ sínú ìkòkò lójú fèrèsé. Tèmi ti hù, kò tíì so o, ewé ẹ̀ nìkan ń ta sánsán.

Alfa Kékeré, Ìbàdàn

Àsàlámù àlékùn. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Èyí tó kàn mí ni bébà àdúrà tí Ìyá Dẹ̀sọ́lá sọ. Lọ́dọ̀ wa níbí, ewé Àlùkùráánì tó bá ti gbó tàbí tó ya, kò sẹ́ni tó máa fi wé àkàrà o! A máa ń sin ín síbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀, tàbí ká sun ún ká sin eérú ẹ̀. Ṣé tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀? Ẹ má jẹ́ kí bébà yẹn sún mọ́ bíìnì kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Àbẹ̀kẹ́, Manchester

Wa alaykum salaam Alfa, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí, èmi ni mo fi í sílẹ̀ láìsọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyẹn.

Bébà èyíkéyìí tí orúkọ Ọlọ́run bá wà lórí ẹ̀ ní Hébérù, ìwé àdúrà àjọ̀dún, Haggadah (ìwé alẹ́ Ìrékọjá) tó ya, ewé tí wọ́n tẹ ẹsẹ Torah sí, kò ṣe é jù, a kì í sì í sun ún. Àpótí kan wà ní sínágọ́gù tí wọ́n ń pè ní geniza, ibẹ̀ la máa ń kó o sí, tó bá kún wọ́n á kó o lọ sí itẹ́ òkú wọ́n á sin ín bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn. Ẹ pe sínágọ́gù Màmá, ẹ ní "geniza" lẹ fẹ́ kó wá, ó máa yé wọn kíákíá.

Mo fẹ́ràn ìtàn kan lórí èyí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ní sínágọ́gù Ben Ezra ní Fustat, Cairo àtijọ́, yàrá kan wà tí wọ́n ń kó bébà wọn jọ sí láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, wọn ò sì sin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀. Ní 1896 àwọn ìbejì obìnrin méjì, Agnes Lewis àti Margaret Gibson, ra ewé díẹ̀ nílẹ̀ Íjíbítì, wọ́n gbé e dé Cambridge, wọ́n fi han ọ̀mọ̀wé Solomon Schechter, ojú ẹ̀ là sí i pé ewé ìwé Ben Sira, ìwé ọgbọ́n àtijọ́ kan, ní Hébérù ló wà lọ́wọ́ òun. Ó gbọ̀nà Cairo lọ lọ́dún yẹn, ohun tó kó bọ̀ wà ní ilé ìkàwé yunifásítì Cambridge dòní, ó tó ègé 193,000. Kì í ṣe ìwé mímọ́ nìkan o, lẹ́tà oníṣòwò wà níbẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, gbèsè, iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ iléèwé. Gbogbo ẹ̀ torí pé àwọn kan kò fẹ́ kí bébà tí èdè mímọ́ wà lórí ẹ̀ bọ́ sí ààtàn.

Àwòrán tí àwọn ọmọ-ọmọ Màmá yà, tí kò bá sí ẹsẹ Bíbélì lórí ẹ̀, ẹ yí i sínú páálí kẹ́ ẹ tún fi ṣe àgọ́ lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá kọ ẹsẹ sí i, ẹ béèrè ní sínágọ́gù kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan kan sí i.

Bàbá Brooklyn

Ẹ má gbàgbé ẹní ọparun. Òjò Lọ́ńdọ̀nù ò ní jẹ́ kó sinmi. Tẹ́ ẹ bá ká a ní tútù, nígbà tẹ́ ẹ máa fi tú u lọ́dún tó ń bọ̀ á ti bu dúdú. Ẹ na án sórí àga méjì nínú gáréèjì tàbí ní ọ̀nà àbáwọlé, ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó ká a kẹ́ ẹ fi okùn dì í. Kẹ́ ẹ má sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ o, èèyàn kì í tẹ orí àgọ́ mọ́lẹ̀ bí ẹní ìnusẹ̀, kódà lẹ́yìn àjọ̀dún.

Kẹ́hìndé, Leeds

Ẹ dákun kí n tó lọ, ọ̀dọ̀ tọkọtaya àgbà kan ni wọ́n máa gbé mi lọ ní Disẹ́ńbà, Hanukkah, àjọ̀dún alẹ́ mẹ́jọ tí wọ́n fi ń tan àtùpà, sì máa bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ 14 oṣù yẹn. Wọ́n ní òróró ólífì ni wọ́n ń tàn, kì í ṣe àbẹ́là. Kí ni mo máa ṣe sí èyí tó bá kù? Mi ò fẹ́ ṣe àṣìṣe irú èyí tí Ìyá Dẹ̀sọ́lá sọ.

Àbẹ̀kẹ́, Manchester

Kẹ́hìndé ọmọ mi, o káre tó o béèrè ṣáájú. Òróró tó ṣì wà nínú ìgò, tí ẹ ò tíì dà sínú àtùpà, òróró lásán ni, ẹ fi dáná. Èyí tí ẹ ti dà sínú àtùpà fún mitzvah tí iná ẹ̀ kú kí ó tó jó tán, ìyẹn ti yà sọ́tọ̀. Má fi dín dòdò, má sì dà á padà sínú ìgò. Ẹ kó èyí tó bá kù pẹ̀lú òwú ẹ̀ jọ títí alẹ́ kẹjọ á fi kọjá, kẹ́ ẹ wá sun gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níta, nínú agolo tàbí ìkòkò irin. Tó bá jẹ́ àbẹ́là ni wọ́n ń lò, 44 ló máa ń wà nínú páálí kan fún alẹ́ mẹ́jọ, ìda tó bá sì lẹ̀ mọ́ àtùpà, fi àtùpà sínú fírísà fún wákàtí kan, á ré kúrò fúnra ẹ̀. Má fi ọ̀bẹ ha á, pàápàá tó bá jẹ́ fàdákà tí wọ́n jogún.

Sísí Kíṣìnì

Gbogbo ohun tá a sọ yìí dára, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé oníléé, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí Júù tó ti Poland wá ń ṣe, ẹni tó ti Baghdad wá lè má ṣe é. Ẹ bi Màmá. Ẹ má fi tiwa rọ́pò ẹnu wọn.

Ìyá Dẹ̀sọ́lá, Hendon

Ẹ kú àárọ̀ Sọ́ńdè o gbogbo yín. Mo ní kí n jábọ̀ fún yín.

Mo ṣe bí Sísí ṣe wí. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí Màmá jí, mo gbé gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì wọn, mo ní Màmá, mo gbọ́ pé a lè fi lulav ṣe ti Ìrékọjá, pé kànáfùrù ṣe é tì bọ etrog, ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn? Màmá wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé etrog sí imú fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá ní ìyá àwọn ló máa ń ti kànáfùrù bọ̀ ọ́, pé àwọn ọmọbìnrin méjì ló máa ń jókòó síwájú ìyá náà, ẹ̀gbọ́n wọn á máa lu ihò, àwọn á máa ti kànáfùrù bọ inú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n yẹn sì ti kú. Wọ́n ní ó ti pẹ́ gan-an táwọn ti ṣe é kẹ́yìn torí ọwọ́ àwọn ń gbọ̀n.

Èmi ni mo lu ihò. Ọwọ́ Màmá ń gbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kànáfùrù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tì bọ̀ ọ́, ó wọlé. Ó gbà wá ní gbogbo ọ̀sán. A ò ṣe jáàmù, Màmá ò fẹ́ oògùn apakòkòrò yẹn lẹ́nu wọn.

Bébà àdúrà, mo pe sínágọ́gù, ẹnì kan wá gbà á lọ́jọ́ Fúráìdè kí ọjọ́ ìsinmi tó wọlé. Àwòrán ọmọ kan ní ẹsẹ Hébérù lórí, ẹni náà wò ó ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí òun mú un lọ pẹ̀lú, àwọn tó kù wà nínú páálí. Ẹní ọparun ṣì wà lórí àga ní ọ̀nà àbáwọlé, à ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Lálẹ́ àná tá a ṣe Havdalah, etrog yẹn ni Màmá gbé sí imú, wọ́n sì gbé e sí tèmi náà.

Lulav ti wà lórí wọ́dúróòbù. Màmá ní kí n kọ ọjọ́ tá a máa sun ún sórí kàlẹ́ńdà. Bàbá Brooklyn ẹ bá mi sọ ọ́.

Bàbá Brooklyn

Àárọ̀ Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹrin 2026. Rábì wọn máa sọ wákàtí tí sísun ìwúkàrà gbọ́dọ̀ ti parí, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dá a o, kẹ́ ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sítòsí, torí imọ̀ ọ̀pẹ tó ti gbẹ fún oṣù mẹ́fà kì í bẹ̀bẹ̀ kó tó gbiná.

Ìyá Dẹ̀sọ́lá, Hendon

Mo ti kọ ọ́. Màmá ní kí n kọ "bọ́kẹ́ẹ̀tì omi" sí abẹ́ ẹ̀.